Ìpéǹpéjú Adùnọlá

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé 2025

Mo parọ́ lónìí. Mo sọ fún Aláṣẹ — ìyá ọkọ mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀ — pé èmi àti Adùnọlá ọmọ mi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò lóyún rárá. Aláṣẹ kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún bó ṣe máa ń ṣe: "Ìyá mi, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire." Ìpéǹpéjú òsì Adùnọlá ló wó bo ẹyinjú. Irú ẹ̀ gan-an ni ìyá Aláṣẹ ní kó tó kú. Àmì pé ó ti padà wá sí Ikpinlè nìyẹn. Kò ní gbà ká tún un ṣe láéláé. Mo mọ̀.

Armand ọkọ mi wà ní Kútọnu. Ó ní kí n ṣe é, òun á bá ìyá òun sọ̀rọ̀ tó bá yá. Ẹ̀rù ìyá ẹ̀ ń bà á jù mí lọ!

Ọjọ́bọ̀, 6

Dókítà ojú ṣàlàyé fún mi ní ilé ìwòsàn. Bí iṣan ìpéǹpéjú bá lágbára díẹ̀, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á rán an padà. Ti Adùnọlá kò lágbára rárá. Wọ́n á mú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ní itan rẹ̀, wọ́n á fi so ìpéǹpéjú mọ́ iwájú orí lábẹ́ awọ. Tó bá ti fa iwájú orí sókè, ojú á là. Tó bá pẹ́ sí i, ojú náà á gbàgbé ìríran.

Mo ní kí wọ́n ṣe é.

Ẹtì, 7

Wọ́n ti ṣe é. Nítorí itan ló ṣe ń sunkún, kì í ṣe nítorí ojú.

Ọjọ́rú, 12

Ojú méjèèjì! Kò gbé àgbọ̀n sókè mọ́ kó tó rí mi. Tó bá sùn, òsì kì í pa dé tán — pọ̀máàdì lálaalẹ́, kó má gbẹ. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àbámẹ́ta, 15

A délé. Aláṣẹ wò ó títí. Ó bi mí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Akọ ló bí ni àbí abo?" Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò pé ọ̀sẹ̀ méjì.

"Adùnọlá, káàbọ̀." Kò kúnlẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń retí.

Àìkú, 16

Aláṣẹ kò pè é ní "Ìyá mi" mọ́: Adùnọlá láàárọ̀, Adùnọlá lálẹ́. Èmi ni mo gba ìyá lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ìpéǹpéjú náà wú, ó pọ́n. Dókítà bi mí lórí fóònù bóyá ọmọ ń fọwọ́ fà á. Mo ní rárá. Mo fura sí Aláṣẹ — Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹtì, 21

Mo tètè ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Aláṣẹ ń ṣa ekùrọ́ lẹ́yìn ilé. Adùnọlá dúró níwájú ẹ̀, ó fi ìka méjì fa ìpéǹpéjú òsì wálẹ̀, ó dì í mú. "Màmá, ẹ wò mí. Mo ti padà dé. Ẹ kí mi."

Aláṣẹ kúnlẹ̀. Ó rọra yọ ọwọ́ ọmọ kúrò lójú. "Ìyá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí."

Ó rí mi. "Ìyá mi fi ojú yẹn kọsẹ̀ títí ó fi kú. Ta ló sọ fún ẹ pé màá kọ̀ kó ríran?"

Èmi náà kúnlẹ̀. Kò sọ pé kí n dìde.