Òwú Pupa Inú Ọrùn Ẹ̀wù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé ikọ́ ọjọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Bàbá rẹ wà dáadáa. Èmi náà ò ní àìsàn kankan, àfi inú tó ń bí mi, òun ló sì jẹ́ kí n tètè mú bírò.

O kọ̀wé pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí èèyàn méjìlá, pé kí n sọ ohun tí o máa fún wọn kí wọ́n lè fọkàn síṣẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ojú egbò ni ìbéèrè rẹ fọwọ́ bà mí.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń ṣe nílé iṣẹ́ ìránṣọ wa tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá gé ẹ̀wù iléèwé kan ló máa rán an tán. Á wá fi òwú tirẹ̀ gán inú ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: tèmi pupa, ti Ìyá Ìbejì ọ̀rẹ́ mi aláwọ̀ ewé. Bí ẹ̀wù bá padà wá fún àtúnṣe, a ò ní bèèrè ẹni tó rán an. Tèmi kì í sábà padà, ẹnu mi gbà á.

Ọ̀gá tuntun dé, ó ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní kí Ìyá Ìbejì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí àpò máa wà, kí èmi máa rán àpò, kí ẹlòmíì máa rán bọ́tìnnì. Láti oṣù mẹ́rin, àpò! Èmi tí mo ti rán odindi ẹ̀wù fún ọdún mọ́kàndínlógún! Lọ́jọ́ kan mo ní kọ́là kan wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ gbájú mọ́ àpò yín." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ń ra bisikíìtì fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀, kí inú wa lè máa dùn síṣẹ́. Bisikíìtì!

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá rẹ ò tíì gbọ́. Apá òsì ni àpò máa ń wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìbejì ọ̀rẹ́ mi ń ṣàìsàn, kò róorun sùn, ló bá ń sàmì sápá ọ̀tún. Lórí ẹ̀wù kẹta ni mo ti rí i. Mo gbórí sókè, mo fẹ́ pariwo, ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá bá sọ sí mi lọ́kàn. Ó dáa náà. Mo gbájú mọ́ àpò mi. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀wù! Ẹni tó ń rán bọ́tìnnì náà rí i, òun náà gbájú mọ́ bọ́tìnnì.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àfìgbà tí iléèwé dá gbogbo rẹ̀ padà, tí ọ̀gá ní Ìyá Ìbejì ló sàmì, pé òun máa lé e kúrò níṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ló gbé fọ́tò mi kọ́ ògiri: Òṣìṣẹ́ Àtàtà Oṣù Yìí, torí pé kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó tèmi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé báyìí, kí n má bàa rí ojú ara mi.

Nítorí náà, má bi mí ní ohun tí o máa fún wọn. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbórí sókè, kódà bó jẹ́ agbálẹ̀, dákẹ́ kí o gbọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, mo máa já fọ́tò yẹn, mo máa gbé e sórí tábìlì ọ̀gá, mo máa sọ pé mo rí i láti orí ẹ̀wù kẹta. Ẹ̀rù ń bà mí o, ta ló máa gba arúgbó síṣẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí ọ, Ìyá Ìbejì ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi nílé ìwòsàn. Bó bá lé àwa méjèèjì, a jọ máa lọ ni.

Iṣẹ́ rẹ kò ní di ẹrù lọ́rùn rẹ. Àwọn tí o ṣe olórí fún á máa sọ̀rọ̀ rẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
aránṣọ, kì í ṣe arán-àpò.

Àfikún: Ẹ̀wù kan wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an tán. Yẹ inú ọrùn rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n má wá àpò lára rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.