Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Gba Ẹ̀yìn

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Okun o. Mo kí Ìyá, mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò yín tí inú wọn ò dùn sí mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Kabba. Òtútù ìlú òyìnbó ibí kò tíì lọ, ṣùgbọ́n ara mi le. Iṣẹ́ abẹ náà ni mo ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà dókítà.

Bàbá Kékeré ní ìwé ló ń gùn mí, tí mo fi ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ yín síwájú, kí wọ́n kọ́kọ́ ya síkáànù tó máa fi ọ̀nà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ yín gbà hàn. Wọ́n ní ibà pọ́njú ti mú yín tó, kí la tún ń dúró dè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ nílé rí.

Lọ́dún tó kọjá, à ń yọ kókó kúrò nínú obìnrin kan, lẹ́yìn àpòlúkù, níbi tí kókó tiyín náà wà. Ọ̀gá mi ló mú abẹ, èmi ń bá wọn di ara mú. Ìka mi kan nǹkan kan tó ń lù kì-kì lẹ́yìn kókó náà. Iwájú ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ sábà máa ń gbà. Ti obìnrin yìí gba ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́. Bí ẹ ṣe tọ́ wa nìyẹn, ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Ọ̀gá gé iṣan náà. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n fi okùn rán iṣan náà pọ̀, obìnrin náà yè, àmọ́ ó pẹ́ lórí ibùsùn gan-an. Ọ̀gá bi mí bóyá mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ta ló wá di ẹnu mi mú? Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí.

Ìdí rèé tí mo fi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Bàbá Kékeré lẹ́nu lórí fóònù. Kí wọ́n má bínú.

Síkáànù yín dé ọwọ́ mi lánàá. Tiyín náà gba ẹ̀yìn. Mo ti bá dókítà yín sọ̀rọ̀, òun náà ti rí i, ó ní òun á kọ́kọ́ wá a kàn kí òun tó gé ohunkóhun. Ẹ lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Bàbá, ọdún kẹfà rèé tí mi ò fojú kàn yín. Mo ti mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ yín ń gbà báyìí, mi ò sì mọ bí irun yín ṣe funfun tó. Mo sunkún níwájú ẹ̀rọ tí mo fi wo síkáànù yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé