Ife Omi Méjì

Àdúgbò Ṣàngó, ọjọ́ Jímọ̀, oṣù kọkànlá, 1974.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò Bàbá jí lónìí, lẹ́yìn gbogbo títú àti títò tí mo fúnra mi ń tò ó lẹ́yìnkùlé. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì wá ń dún gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún kí Bàbá tó kú. Inú mi ń dùn, àfìgbà tí Ìyá yọ.

Omi ni wọ́n gbé dání, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí Bàbá bá tibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ife méjì ni. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́bàá mọ́tò. "Ẹ káàbọ̀ o."

"Ìyá, èmi ni mo ṣíná sí i. Mọ́tò ò kúrò lójú kan."

"Mo mọ̀. Ta ni àlejò tí bàbá ẹ mú wá?"

Mi ò sọ fún wọn rí pé inú mọ́tò tó pa awakọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti yọ písítìnnì ẹ́ńjìnnì yìí tí mo rà lówó pọ́ọ́kú ní Ọ̀fà Gàráàjì. Ẹni tó tà á ní kí n ṣe sàráà fún olóògbé kí n tó lò ó. Mo ní tó bá ṣiṣẹ́ tán ni...

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo lọ ṣàlùwàlá. Nígbà tí mo padà, ife kan ti gbẹ. Bàbá ti mu tiwọn.

Àlejò ò fẹnu kan omi wa.