Ẹyẹ Tí Mo So Mọ́lẹ̀ De Waliyat

Ilé Odùbánjọ,
Ebúté Àgbọn, lẹ́yìn Awóyáyà.
Oṣù Kejìlá ti wọlé.

Waliyat ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékún. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú ooru Onírù, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí oúnjẹ inú ike yẹn náà ni o ṣì ń jẹ? Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, a kò ní gbọ́ ohun tí etí kò fẹ́ nípa rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń wò ó bóyá mo ti kọ orúkọ òun. Mo ti kọ ọ́: Afusat kí ọ o. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún bí ọyẹ́ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, gbogbo ilé ló lè jẹ́rìí sí i.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n, ó kàn ń dínkù ni. Àgbọn so lọ́dún yìí, ẹja ló wọ́n, nítorí ariwo ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà kì í jẹ́ kí ẹja sùn. Wọ́n ti mọ odi ẹ́sítéètì kan dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Lọ́jọ́ kan tí mo ń lọ sí oko ara mi, mégáádì kan dá mi dúró, ó ní ta ni mò ń wá, mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ni mò ń wá, ó ní ṣé ó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọdún tí mo ti gbìn ín ló ti ń retí mi. Ó ṣí géètì fún mi, ó sì kí mi kú àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí o ti ní kí n má pè ọ́ lórí rẹ̀ mọ́ ní àkókò iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa ní oṣù Kìn-ín-ní pé ò ń kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí o bá fojú rí lọ́dún yìí sílẹ̀, àyà mi já. Mo rò pé ìjọba ló gbé e fún yín ṣe, nítorí ohun tí ìjọba bá ti ń kà, owó orí ló máa ń tẹ̀lé e, èmi sì ń sin adìyẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó gbogbo wọn wọ yàrá, àwa àti wọn la jọ jí. O wá ní kì í ṣe ìjọba, o ní fún ara rẹ ni. Mo béèrè ohun tí wọn yóò fún ọ bí orúkọ ẹyẹ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ju ti ẹgbẹ́ rẹ lọ, o ní kò sí nǹkan kan. Mo béèrè bóyá ẹ máa ń pa wọ́n jẹ, o bínú sí mi. Ìyá rẹ gba fóònù, ó kí ọ, ó dá a padà fún mi, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí léèrè bóyá wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́ tí o kò fẹ́ ká mọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ní kí Lémọ́mù Ishaq bá wa ṣe àdúà kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ mi rí ẹyẹ. Wọ́n ṣe é, gbogbo mọ́sáláásí ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn àgbà ń wo ara wọn.

Èmi gbìyànjú láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo ní kí o kọ adìyẹ sílẹ̀ ṣáájú, o ní adìyẹ kò sí nínú kíkà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún adìyẹ, nítorí ẹyin rẹ̀ la tà tí a fi ra bàtà tí o wọ̀ lọ kọ ìdánwò ìwé mẹ́fà. Mo ní lékèélékèé kún pápá lẹ́yìn mọ́sáláásí, kí o wá kó wọn sínú ìwé, o ní bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ wọn ń wọlé. Mo bi ọ́ pé ta ló ń rẹ́ ọ jẹ báyìí. O rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ìgbà òjò, o béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Apẹja-má-tà ṣì ń wá. Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n pè mí sí ìgbìmọ̀ ọba. Apẹja-má-tà! Ẹyẹ aláyà pupa tí irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tó jí tí kò yarun, tó ń jókòó lórí òpó àwọ̀n mi, tó ń bá mi pín ẹja tí kò bá mi wa ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní ó wà, àwa àti ẹ̀ la jọ ń jí lójoojúmọ́. O ní o kò tíì rí i lọ́dún yìí, o ní wàá wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Waliyat, láti Iléyá èṣí ni o ti fojú kan ilé yìí kẹ́yìn. Ìyá rẹ se ẹja, ó ro ẹ̀bà, ó yí àga ìta sí ojú ọ̀nà. O kò wá, o ní ẹ ní mítìǹgì. Ọ̀sẹ̀ kejì, o ní ọ̀nà Ajá dí. Ẹ̀yìn ìyẹn, o ní ó rẹ̀ ọ́. Èmi ò bínú, mo kàn ń béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá Awóyáyà ti di Mẹ́kà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọdún gbáko tọ́jú owó kó tó lè wá síbẹ̀.

Mo wá ronú sí i. Ní ilé wa níbí, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, adìyẹ tí a fẹ́ fi ṣe é lálejò kì í rìn káàkiri lọ́jọ́ náà, a ó ti so ó mọ́ ìdí òpó kí àlejò tó dé. Mo ní bí ẹyẹ bá wà ní síso, kò ní sí pé Waliyat dé, ẹyẹ ti lọ, ara rẹ yóò sì balẹ̀ láti wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo kó ẹja wẹ́wẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo ta àwọ̀n lé e lórí, mo sá sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí alágbára náà já wálẹ̀, mo fa okùn. Ó gún mi ní àtàǹpàkò tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe orúkọ ìyá mi tó ti kú. Mo so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó ilé adìyẹ, mo sì fa aṣọ ya lára ìró àǹkárá ìyá rẹ, mo so ìyẹn náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bí a ṣe ń so ó mọ́ adìyẹ kí aládùúgbò má bàa sọ ọ́ di tirẹ̀. Gbogbo abúlé ló mọ̀ nígbà yẹn pé ẹyẹ Waliyat ni. Ẹja tí ó jẹ ní ilé mi, ká ní èmi ni mo jẹ ẹ́ ni, ẹ̀ bá ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Mo gba fóònù Ràhímátù, ìyàwó tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo pè ọ́ pé ẹyẹ rẹ ti wà nílẹ̀. Dípò kí o ní mo kú iṣẹ́, ńṣe lo pariwo. O ní ẹyẹ tí a so kò sí nínú kíkà, àfi kó wà ní òmìnira ara rẹ̀. Mo bi ọ́ pé olè tí wọ́n so mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá, ṣé a kò rí òun náà ni? O ní olè kì í ṣe ẹyẹ. Mo ní ó dáa, kí Ràhímátù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o ní fọ́tò kò sí nínú kíkà. Mo ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn lẹ́nu kí o gbọ́ igbe rẹ̀, o ní nínú ìwé tìrẹ, ohùn lásán kò sí nínú kíkà, àfi kí o fi ojú ara rẹ rí i. Mo ní ṣebí o rí i ní kékeré, o rí i léṣìí pàápàá, nígbà Iléyá. O ní ti èṣí ti bá èṣí lọ, bí ọdún bá ti yí, a tún gbọ́dọ̀ rí i lákọ̀tun. O wá bẹ̀ mí kí n tú u sílẹ̀, ohùn rẹ sì fẹ́ di ẹkún, ìyẹn ló mú mi gbà. Mo tú u. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ jìnnà, pé ọmọ kan ń bọ̀ wá wò ó. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó gbé àǹkárá ìyá rẹ lọ.

Ó padà wá sórí òpó lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́ kí o gbọ́, o ní wàá wá ní Sátidé. Sátidé yẹn náà ni àwọn mẹ́ta kan gba orí omi wá, awò ńlá ńlá rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Mo rò pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni, mo ti mú àjẹ̀ ọkọ̀ dání. Àṣé ẹyẹ mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí aṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, inú wọn dùn gidigidi, wọ́n ní àwọn onímọ̀ ló sàmì sí i kí wọ́n lè mọ ibi tó ń fò lọ, wọ́n wá ń bá ara wọn jiyàn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti so ó. Mo ní inú ilé mi ni. Wọ́n béèrè nọ́ńbà tó wà lára àmì náà, mo ní kò ní nọ́ńbà, àǹkárá ni, ìyá Waliyat ló rà á nígbà tí a fẹ́ sọ Waliyat lórúkọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ awò rẹ̀ kalẹ̀, ó bi mí pé Waliyat wo, mo dárúkọ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ọkọ̀, ó wá dìde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Samson lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ jọ ń wo ẹyẹ ni, ó ní iye orúkọ ẹyẹ yín dọ́gba tẹ́lẹ̀, Apẹja-má-tà yìí ló fi ṣíwájú rẹ.

Waliyat, ọkàn mi bà jẹ́. Ẹyẹ tí mo fi ẹja mi bọ́, tí mo fi àtàǹpàkò mi mú, ọmọ ọlọ́mọ dé, ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó kó o lọ. Mo fẹ́ lé e, ṣùgbọ́n ó ti ra búrẹ́dì bọ̀ láti Ajá, ó sì ti jókòó sórí àga tí ìyá rẹ gbé sójú ọ̀nà. Ó jẹ ẹja tí a sè dè ọ́, ó jẹ ẹ́ dé egungun. Ó béèrè orúnkún ìyá rẹ. Ó bi mí ní ìtàn bàbá mi, kò sì wo fóònù títí mo fi parí rẹ̀, ìtàn náà sì gùn. Nígbà tó lọ, ìyá rẹ ń bi mí léèrè bóyá ó ti gbéyàwó, mo ní kó jẹ́ kí búrẹ́dì rẹ̀ dà nínú wa ná.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ ń dé, Ọlọ́run yóò bù sí i. Ràhímátù ló máa ń ka iṣẹ́ tí báńkì rán fún wa, ìyá rẹ á sì máa dá báńkì lóhùn pé kó kí ọ, pé kó sọ fún ọ kí o má sanwó jẹun níta jù. A tún nílò díẹ̀ sí i, nítorí ẹyẹ rẹ ti fa àwọ̀n mi ya, ìyá rẹ sì ń fẹ́ òróró tí a fi ń ra orúnkún. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má fi èyí ránṣẹ́ lórí fóònù. Mú un wá.

Mo ti fara balẹ̀ ro òfin ìwé ẹyẹ rẹ, mo sì ti wá gbà pé òfin gidi ni. O ní ohùn lásán kò sí nínú kíkà. Orí fóònù nìkan sì ni èmi àti ìwọ ti ń gbọ́ ohùn ara wa. O ní fọ́tò kò sí nínú kíkà. Fọ́tò mi ló wà lọ́wọ́ rẹ. O ní ti èṣí ti bá èṣí lọ. Àárò rẹ ń sọ wá, Waliyat, ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́, mo ti kọ ọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ohun tí ojú rẹ ń wá, ojú rẹ yóò rí i kí ọdún yìí tó parí. Mọ̀ pé Apẹja-má-tà ṣì ń wá sórí òpó láràárọ̀, èmi náà sì ń jókòó sí ebúté láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò so mí mọ́lẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìsmáílà Odùbánjọ,
tí Samson ti rí, tí ìwọ kò tíì rí lọ́dún yìí.