Wáyà Tí N Kò Lè Yọ

Ìkọ̀yà,
Lẹ́bàá Òkìtìpupa.

Benedict ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Ìbàdàn? Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ọmọ tuntun náà sì ti ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ sùn. Èmi ń jẹ, mo ń mu, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n tì mí mọ́lé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣé o rántí ẹ̀rọ tí o fi kọ́ mi níṣẹ́, àwọn àpótí kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà tí à ń fi wáyà so pọ̀, tí ọ̀kan ń dún, tí òmíràn ń gbé ohùn náà sókè sódò? Òun ni mo fi ṣe ohùn afẹ́fẹ́ inú imọ̀ ọ̀pẹ fún fíìmù yín. Nígbà tí o ní àga iṣẹ́ kan ti wà fún mi ní sítúdíò yín, inú mi dùn débi pé mo gbé ohùn náà dún ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà àdúrà. Ibẹ̀ ni mo ti ko àgbákò.

O mọ ìjọ aláṣọ funfun wa. Wòlíì Mákánjúọlá bọ́ sínú ẹ̀mí, ó ní áńgẹ́lì ló ń sọ̀rọ̀. O sì mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá mi ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tó sì kú, ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní àjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a pín bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ náà, Wòlíì fà á lọ́wọ́ wá síwájú, ó ní áńgẹ́lì kì í ti ilé àjẹ́ jáde, pé ìyá mi kì í ṣe àjẹ́, ó sì fi í jókòó níwájú. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún. Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé wáyà lásán ni?

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kí n máa gbé e dún lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Mo ní kí n gba ohùn náà sílẹ̀ fún wọn, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Wòlíì kọ̀, ó ní ọwọ́ mi ni áńgẹ́lì mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rò ó pé bí ohùn náà bá bàjẹ́, wọn yóò fi mí sílẹ̀, ni mo bá yọ wáyà kan. Ni ohùn náà bá ń kérora bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Wòlíì ní ẹnì kan ń lé áńgẹ́lì lọ, gbogbo ojú sì yí sí ìyá mi. Ìyáàfin Helen tó jókòó tì í rọra sún kúrò. Kíá ni mo dá wáyà náà padà.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbójú sókè. Ó ní: "Ọma mi, mo rí ọ nígbà tó o yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣáà jẹ́ n jókòó níwájú títí Ìkórè á fi kọjá."

Lẹ́yìn Ìkórè, Kérésìmesì yóò dé, lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan mìíràn. Inú ń bí mi, Benedict, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Bá mi fún Adébọ́lá tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní àga náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Kí Olúwa bá mi tọ́jú ilé rẹ. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún ọ kò ní há mọ́ ọ lẹ́yìn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúwaṣọlá.

Àfikún: Fóònù mi gba ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ fún fíìmù náà. Ní ìparí rẹ̀, wàá gbọ́ obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ afẹ́fẹ́. Jọ̀wọ́, má gé e kúrò.