Tẹlifíṣàn Múyìwá Kò Ní Kúrò Ní Pálọ̀ Mi

                                                  Ojúlé Kẹtàlá,
                                                  Òpópónà Sẹ́kọ́nà,
                                                  Ẹdẹ.
                                                  Ọjọ́ Kejì, Oṣù Keje, 1985.

Sìmbíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn yín sílẹ̀? Ẹ kú ọdún Ìtúnu o. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo mọ̀ pé kò sí ṣúgà, ẹ sì lè ti tò títí kí ẹ tó rí mílíìkì rà, ṣùgbọ́n ọdún náà ṣì ni. Ní tiwa, a dúpẹ́. Tóbilọ́ba ti ga ju ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ lọ, òmíràn kò sì tíì sí. Owó oṣù àwa olùkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ ibi tí wọ́n gbé e sí.

Iṣẹ́ tí o rán Mansur àbúrò rẹ sí mi ti dé etí mi. Mo sọ fún gbogbo àwọn tó ń wá wòran ní pálọ̀ mi pé ọkọ rẹ, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn n'Íbàdàn, ní ńṣe ni wọ́n ṣi kásẹ́ẹ̀tì eré Ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀ tí à ń wò tò. Ó ní èyí tí iná ti bo ọ̀gá ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn, òun ni wọ́n sì mú ṣíwájú. Sìmbí, wọn ò gbà! O mọ̀ pé nígbà tí a tún rí ọ̀gá ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kejì nínú ayé mìíràn, tó jókòó tó ń jẹun, ni Àwáwù aránṣọ ti fọwọ́ sọ̀yà pé àkúdàáyà ni. Ó ní ọkùnrin náà ti kú, ó kàn lọ tẹ̀dó síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ni. Ó ní ṣebí ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fojú kojú, kò sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí kó tó nà án sókè, bí àwọn ará ọkọ̀ náà ṣe máa ń kí ara wọn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló wọ inú ìkùukùu lọ. Èmi ní kò kú rárá, nítorí iná la rí, a ò rí òkú. Ìjà yìí le débi pé Àwáwù gbé aṣọ mi tó ń rán sílẹ̀, ó ní òun ò rán mọ́. Nígbà tí mo wá jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún un, pé ọ̀gá ọkọ̀ kò kí wọn nítorí pé kò tíì mọ̀ wọ́n nígbà náà, ó ní kí ọkọ rẹ máa to kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, kó fi ọ̀rọ̀ àkúdàáyà sílẹ̀ fún ẹni tó yé.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọ̀rọ̀ Múyìwá ọkọ mi ni.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá tí àwọn ṣọ́jà ti wá mú un, nítorí pé ó dìde níbi ìpàdé olùkọ́ tó béèrè owó oṣù wa, a ò gbúròó rẹ̀. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ẹnì kan sọ fún ẹnì kan pé àwọn kan kú sí àhámọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Olúgbénga, ti ń wò mí bí ẹni ń wo opó. Mi ò wọ aṣọ dúdú fún wọn o. Mi ò sì ní wọ̀ ọ́.

Nígbà tí Mansur parí iṣẹ́ tí o rán an lọ́jọ́ náà, ó wá wò mí, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó ní bí òun ṣe wa ọkọ̀ ẹrù òun lọ sókè Ọya nínú oṣù Kẹfà yìí, òun bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń ṣán koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kan gbójú sókè. Mansur pariwo "Bàbá Tóbi!" Wọ́dà jágbe mọ́ ọn pé kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kó tó lọ, Múyìwá fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí, ó nà án sókè. Sìmbí, ìkíni Ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀! Ohun tí a jọ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ní pálọ̀ yìí kí wọ́n tó mú un lọ! Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Èmi náà ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sọ ọ́ fún Bọ̀dá Olúgbénga. Mo rò pé wọ́n á fò sókè ni. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó ti parí nìyẹn. Àkúdàáyà ni Mansur rí." Wọ́n ní ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀, tí ará Ẹdẹ kì í dé, ibẹ̀ gan-an ni irú wọn máa ń lọ. Ọkọ mi ò kú tó lójú wọn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a rí i láàyè ló wá kú pátápátá! Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹbí á wá kó ẹrù rẹ̀, àti pé tẹlifíṣàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Inú bí mi débi pé mi ò rántí kúnlẹ̀ dágbére.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ náà, àwọn àti àgbà ẹbí méjì, Ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pálọ̀ sì kún. Kò sí iná, bátìrì ọkọ̀ Mansur la fi ń wò ó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn ní àga. Bọ̀dá ní kí n pa nǹkan yẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò ní pa á."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé àkúdàáyà fún gbogbo wa. Àwáwù dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní ó ti tán, ẹni tó gba àkúdàáyà gbọ́ jù nínú wa nìyí.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé Bàbá Tóbi kí Mansur, àbí wọn ò kí i?"

Mansur ní wọ́n kí òun. Ó fi hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tí gbogbo pálọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí, a nà án sókè, a dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tiẹ̀ gbé tirẹ̀ dé àárín kó tó rántí ara rẹ̀.

Àwáwù ní, "Ẹ ṣeun. Àkúdàáyà tó bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ńṣe ló máa pòórá. Èyí dúró, ó kí ará ilé rẹ̀ lójú wọ́dà. Ẹ bi ara yín léèrè, sà, bóyá irọ́ ni mo pa."

Àgbà tó ń gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan ní kì í ṣe irọ́, bí ìyá òun náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Bọ̀dá ní ìròyìn ikú oṣù Kìn-ín-ní ńkọ́? Mo ní, "Oṣù Kìn-ín-ní ni tiyín, sà, oṣù Kẹfà ni ti Mansur. Ẹ ṣi kásẹ́ẹ̀tì tò ni." Wọn ò mọ ohun tí mo ń sọ, àmọ́ ẹ̀rín ta ní gbogbo pálọ̀, àgbà yẹn sì dìde, ó ní kí àwọn máa lọ. Bọ̀dá ní àwọn ṣì ń bọ̀. Kí wọ́n máa bọ̀. Tẹlifíṣàn wà níbi tó wà, àga Múyìwá wà níwájú rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Mo ti bá Mansur sọ ọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a jọ ń lọ sókè Ọya. Bí wọ́dà bá lé mi lẹ́nu ọ̀nà, màá jókòó sẹ́bàá títì tí wọ́n ti ń ṣán koríko títí wọ́n á fi jáde. Àwáwù ti rán aṣọ mi yẹn parí. Aláwọ̀ pupa ni, òun ni màá wọ̀ lọ, kó lè tètè rí mi.

Bá mi bẹ ọkọ rẹ kó tún kásẹ́ẹ̀tì wọn tò dáadáa, àmọ́ kó má ṣe sọ fún mi mọ́ bí Ọkọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ṣe máa parí. Èmi àti Múyìwá la jọ máa wò ó.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì gbá àbíkẹ́yìn yín mọ́ra fún mi. Àwáwù ní kí n kí ọ, Tóbilọ́ba náà kí ọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbà,

Fèyísọ́lá,
ìyàwó Olúmúyìwá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ n'Íbàdàn, ìyàwó ni kí o pè mí.