Ìwé Tí Kúùkù Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Èmi, Ṣájẹ̀ńtì Oníkẹ̀kẹ́, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí mo fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ológun, tí mo sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Dókítà ní ọkàn mi ti ń ṣàárẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi jí pépé. Ìwé tí mo kọ ṣáájú èyí, mo ti fà á ya.

Àwọn tí mo yàn láti mú un ṣẹ ni ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, àti Kúùkù, tó ń dáná fún wa lójú ogun. Kí wọ́n má ṣe dúró de ikú mi. Lónìí yìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí Kúùkù kà á sókè ní yàrá iwájú, lójú àbíkẹ́yìn mi tó ti iṣẹ́ ológun dé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

1. Ilé yìí jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ìwọ aránṣọ, má ṣe gba ìpín àbúrò rẹ, bó tilẹ̀ fi bẹ̀ ọ́. Ó ti fi lọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o sì rò pé ọ̀làwọ́ ni.

2. Ìbọn ìṣọdẹ mi ti wà lọ́wọ́ Kúùkù láti ọdún mọ́kànlá. Kó fà á lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìbọn náà kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́, ì báà ṣe fún wákàtí kan.

Ẹ ti ń bi mí nídìí rẹ̀ tipẹ́, mo sì ń fi ẹ̀rín bò ó. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ara mi le, kò sí àìsàn kankan, mo sì jókòó kọ ìwé ìhágún. Mo pín gbogbo nǹkan láìṣẹ́ ku ṣíbí kan. Mo gbé e tọ Kúùkù lọ kó ṣe ẹlẹ́rìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Ó wá wò mí lójú, ó bi mí bóyá mo fẹ́ pa ara mi. Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú u. Mo ní iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ pa nínú wa ju àwọn ọ̀tá lọ. Ó gbé ìbọn náà lọ, ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ní ọjọ́ kẹwàá ó mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì. Ọdún méjì ni mi ò fi kí i. Kúùkù, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ. Iyọ̀ rẹ ṣì pọ̀ jù.

3. Sípánà, páńpù àti tábìlì iṣẹ́ mi di ti àbíkẹ́yìn mi láti ọ̀la. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀. Ti tíṣà kò ní ṣéènì, ó sì ti ń pariwo lé mi lórí láti Ọjọ́rú.

4. Ìwọ àbíkẹ́yìn mi, ajá mi Kópúrà di tìrẹ náà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹun, kò sì mọ sùúrù. O kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn. O ti fún aládùúgbò ní bàtà rẹ, o fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní aago, o fún onígbàjámọ̀ ní rédíò. Lẹ́yìn náà lo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, inú gbogbo ilé sì ń dùn. Ẹ̀rù ló ba èmi. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, èmi náà rín in.

5. Ọmọ mi, lánàá o gbé ìwé ìhágún tìrẹ wá kí n ṣe ẹlẹ́rìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Tìrẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ rárá. Ìwé náà wà lápò mi. Èmi kò ní fọwọ́ sí i. Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni? Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọ níbí.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà.
Ṣájẹ̀ńtì Oníkẹ̀kẹ́

Ẹlẹ́rìí kìíní: Kúùkù. Ó ti gbé ẹní rẹ̀ wá.

Ẹlẹ́rìí kejì: Nọ́ọ̀sì àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí Kúùkù mú mi lọ bá nígbà náà. Òun ni àlejò tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé yẹn. Kì í ṣe torí oúnjẹ ọ̀sán ló ṣe wá. Kò sí ẹni tó máa dìde nínú wa títí o fi máa dá mi lóhùn.